Mẹ̀kúnnù àti Tálákà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe mẹ̀kúnnù ní tálákà. Ẹ fetí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: ọ̀tọ̀kùlú àti mẹ̀kúnnù, olówó àti tálákà. Ẹni tí kò sí nípò àṣẹ ni mẹ̀kúnnù. Àgbẹ̀ tí iṣu kún àká rẹ̀ lè jẹ́ mẹ̀kúnnù. Ẹ pè é ní tálákà, ìjà dé nìyẹn!

Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá la ti yá “tálákà”. Lọ́dọ̀ wọn, ará ìlú tí kò joyè náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òtòṣì ló ń tọ́ka sí.

Nígbà tí àwọn Agbẹ́kọ̀yà jà nítorí owó orí ní 1968 sí 1969, olóko kòkó wà láàárín wọn. Síbẹ̀ mẹ̀kúnnù ni wọ́n: wọn kò sí níbi tí a ti ń bu owó náà lé wọn.