Ìrora Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé ní Ìjurìn-Èkìtì

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ a-b-d, a sọ fún ara wa pé bí a bá mọ̀wé kà tán, a ó máa jọ ka ohun tí yóò ṣe ilé wa láǹfààní. Ọ̀rọ̀ ìrora ni a mú wá lónìí.

Oríṣi ìrora méjì ló wà. Èkínní ni ti ọ̀bẹ tó gé ni lọ́wọ́. Ó ń dunni, ojú ọgbẹ́ jinná, ó tán. Èkejì ni èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ títí tó fi di ará ilé. Ẹ ò rí ọgbẹ́, ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe mọ̀ pé ó ń ṣe òun. Ọ̀kan nínú irú èkejì yìí ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn kan ń pè ní arọmọléegun, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní síkúlà. Kò sí orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí pọ̀ sí tó Nàìjíríà. Nínú èèyàn mẹ́rin láàárín wa, ó tó ẹnì kan tó ru irúgbìn rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò sì mọ̀.

Kí ló ń fa ìrora náà?

Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi pupa lásán. Hóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀. Àwọn ló ń ru atẹ́gùn tí a mí sínú lọ sí gbogbo ara. Hóró tó dára rí roboto, ó sì rọ̀, ó lè yọ́ gba inú iṣan tó tín-ín-rín kọjá. Ti ẹni tó ní àrùn yìí máa ń le, á sì tẹ̀ bíi dòjé tí a fi ń gé ìrẹsì.

Ẹ mọ bí odò kékeré ti í ṣe bí igi àti ewé bá há sábẹ́ afárá. Omi kò ní rí ọ̀nà kọjá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni hóró tó tẹ̀ ṣe ń há sínú iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, kò ní rí atẹ́gùn, yóò sì máa ké. Igbe rẹ̀ ni ìrora tí ọmọ ń gbọ́ nínú egungun, lẹ́yìn, nínú ikùn àti láyà.

Hóró tó dára ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó kú. Èyí tó tẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dín lára ọmọ náà, tí ẹyin ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé pé òun rí hóró tó tẹ̀ bíi dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé ohun tó ń sọ hóró ẹ̀jẹ̀ di pupa gan-an ló yàtọ̀ lára àwọn aláìsàn náà. Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn bẹ́ẹ̀ tó sì kú, àbíkú ni wọn yóò pè é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń bá àwọn mìíràn nínú wọn jà. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá kọ́, iṣẹ́ àjẹ́ kọ́.

Báwo ló ṣe ń dé ilé?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ. Olúkúlùkù wa ní ẹ̀wà méjì lọ́wọ́, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ̀wà funfun ni A, ẹ̀wà pupa ni S. Ẹni tó ní funfun méjì ni AA. Ẹni tó ní funfun kan àti pupa kan ni AS. Ara tirẹ̀ le. Ẹni tó ní pupa méjì ni SS, òun ni àìsàn náà ń ṣe. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí wọ́n bá bí ọ̀kan, mẹ́ta tó kù yóò bọ́. Gbogbo oyún ló ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀. Ẹ̀wà kẹta tún wà tí à ń pè ní C. SC náà ń ṣàìsàn.

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n lọ yẹ jẹ́nótaìpù wò. O pọ́sítífù kọ́ là ń sọ o, ìyẹn yàtọ̀. Ó sì dára kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbi méjì.

Ìrora tí a ń fi pamọ́

Ọ̀rọ̀ tó mú wa wá gan-an nìyí. Ọjọ́ tí ọmọ bá ń ké, tí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ni àwa ará ilé máa ń rántí. Ọjọ́ yòókù, a rò pé ara rẹ̀ ti dá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Virginia, àwọn onímọ̀ fún àgbàlagbà 232 tó ní àrùn yìí ní ìwé, pé kí wọ́n máa kọ bí ara wọn ti rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Nínú ọjọ́ 100, ó ju 54 lọ tí ìrora wà lára wọn. Ọjọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kò tó 4. Ilé ni wọ́n ti ń rù ú. Ẹ̀yin náà rí ohun tí ìwé kíkọ ṣe: àwọn aláìsàn ló kọ ọ́ sílẹ̀ tí àwọn dókítà fi mọ̀.

Kí ló dé tí ìrora kò fi lọ? Nígbà mìíràn, egungun ìdí tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ohun mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń wádìí báyìí ni iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ. Ajá tí olè ti yọ lẹ́nu títí, bí ewé bá já, á gbó. Iṣan tí ìrora ti lù fún ọdún púpọ̀ náà lè máa ké nígbà tí nǹkan kékeré bá kàn án. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe ọmọ náà, kì í sì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ìtọ́jú wo ló wà?

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1971, Sofowora àti Isaacs-Sodeye kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò orin ata ń mú hóró tó tẹ̀ padà sí roboto. Inú ìgò ni wọ́n ti dán ìyẹn wò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé rírun orin ata nìkan ti tó. Lẹ́yìn náà, Àlùfáà P. O. Ogunyale fi àgbo tó mọ̀ han ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di NIPRISAN, wọ́n sì dán an wò lára èèyàn 82. Ìrora líle dín kù, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sọ pé ìdánwò tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni a nílò.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ hydroxyurea. Ẹ fetí sí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ inú oyún ní irú ẹ̀jẹ̀ kan tí kì í tẹ̀. Lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ náà á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS kì í fi í sábà ṣàìsàn ní oṣù àkọ́kọ́. Oògùn yìí ń pe ẹ̀jẹ̀ inú oyún náà padà. Ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, wọ́n fún ọmọ 606 lò. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2019, ìrora dín kù, ibà dín kù, ikú náà dín kù. Wọ́n ti ṣe oògùn yìí nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ló ń fúnni, a sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dédé lò ó.

Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun lè wo àrùn náà sàn. Wọ́n ti ṣe é ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní ìlú Benin ní ọdún 2011. Ní ọdún 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀nà tuntun kan tó ń tún ìtọ́ni inú mùdùnmúdùn ẹni fúnra rẹ̀ ṣe, kí ẹ̀jẹ̀ inú oyún lè padà. Ó ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà. Apá mẹ̀kúnnù kò ká a.

Ohun tí apá wa ká

Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa mu omi dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí òtútù àti òjò pa á. Kó sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Kó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ bi dókítà léèrè oògùn tó ń dènà ibà, àti pẹnisílínì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ má po oògùn ara ríro oríṣiríṣi pọ̀. Àwọn kan lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́.

Bí ara bá gbóná, bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí èémí kò já gaara, bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan rọ, bí ojú bá funfun lójijì, tàbí tí ohun ọkùnrin rẹ̀ bá le tí kò rọ̀, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìdó-Èkìtì, ó wà ní Adó-Èkìtì.

Bí ọmọ bá sì sọ pé ara ń ro òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ fún un ní ìwé kékeré, kó máa kọ ọjọ́ àti ibi tó ń dùn ún. Bí kò bá mọ̀wé, ẹ̀yin ti mọ̀wé báyìí. Ẹ bá a kọ ọ́, ẹ sì mú un dání lọ bá dókítà. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Ìbéèrè

1. Kí ló ń ṣe hóró ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde?
2. Bí AS bá fẹ́ AS, kí ló lè ṣẹlẹ̀ nínú oyún kọ̀ọ̀kan?
3. Kọ àmì mẹ́ta tó yẹ kí a rí kí a tó sáré lọ sí ilé ìwòsàn.