Ebi Tí Ń Tẹ̀lé Ìrìn Òwúrọ̀



Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà ní ìdájí, láti Ìkìrun dé Ìnísà, títí wọ Òkukù, yóò rí àwọn ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń rìn kánkán, tí kì í sì í ṣe oko tàbí ọjà ni wọ́n ń lọ. Oníṣègùn ni ó ní kí wọ́n dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí àtọ̀gbẹ, tàbí nítorí orúnkún tí ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn mìíràn a gun orí ìwọ̀n, wọn a rí i pé àwọn kò fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ni wọn a bá pa ìrìn tì. Èmi kò gbà pé ìrìn ni ó jẹ̀bi. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá délé ni kí a yẹ̀ wò.

Ẹni tí ó bá ṣe eré ìdárayá líle kì í sábà fẹ́ jẹun lójú ẹsẹ̀. Omi ara kan wà tí ikùn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó ń ké sí ọpọlọ pé ebi dé. Ghrelin ni Kojima àti Kangawa, àwọn onímọ̀ ará Japan, pè é nígbà tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní 1999. Bí a bá ń lo ara gidigidi, omi yìí a dínkù. Bí ara bá ti balẹ̀ tán, a tún pọ̀ padà. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò bìkítà fún oúnjẹ lójú ọ̀nà fi ń ṣí ìkòkò kiri nígbà tí ó bá wẹ̀ tán. Èyí kì í ṣe ọ̀kánjúwà, kì í sì í ṣe ìwà wọ̀bìà. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé a máa ń fi ìtìjú kún ìyà ẹni tí ó sanra.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ẹni tí ó wọn kílò 70, tí ó fi wákàtí kan gbáko rìn kánkán, yóò ná bí 300 kálórì. Kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ. Ó délé, ó rẹ gààrí gíráàmù 100: bí 350 nìyẹn. Ẹ̀pà gíráàmù 50 tó 280. Ṣúgà gíráàmù 20 jẹ́ 80. Ó ti lé ní 700, a kò sì tíì dárúkọ mínírà. Bẹ́ẹ̀ ẹni náà yóò búra pé òun kò tíì jẹun òwúrọ̀, kò sì ní rò pé irọ́ ni òun ń pa, nítorí pé mímu ni à ń mu gààrí, a kì í jẹ ẹ́. Èdè wa ni ó tàn wá jẹ níbẹ̀ yẹn!

Àwọn kan yóò ní àwọn baba wa kò ka kálórì, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn dé oko, wọn kò sì sanra. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a má fi gbogbo ìyìn fún ẹsẹ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Loyola ní Chicago fi àwọn obìnrin abúlé méjì ní ìgbèríko Nàìjíríà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Chicago àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Bí kílò 58 ni tiwa wọ̀n ní ìpíndọ́gba, ti Chicago lé ní 83. Ẹni tí ó gbọ́ èyí yóò rò pé iṣẹ́ ni àwọn tiwa ń ṣe jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 800 kálórì ni àwọn tiwa ń ná lójúmọ́ sórí iṣẹ́ àti ìrìn, ti Chicago jẹ́ 760, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Inú àwo oúnjẹ ni ìyàtọ̀ gidi wà: oúnjẹ abúlé ní háríhá púpọ̀, ọ̀rá rẹ̀ kò sì pọ̀, ti Chicago kún fún ọ̀rá.

Kí wá ni kí ẹni tí ebi ń pa ṣe? Kí ó jẹun ni. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fi agídí lé e lọ ní aago méje òwúrọ̀, ìdí agbada alákàrà ni yóò ti bá a ní aago mẹ́sàn-án. Kí ó ti pinnu ohun tí yóò jẹ kí ó tó wọ bàtà jáde. Kí ó fi ìrìn rẹ̀ sí ìgbà tí yóò kángun sí oúnjẹ tí ó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, kí ó má baà di pé ó ń jẹ oúnjẹ kẹrin lójúmọ́. Omi ni kí ó kọ́kọ́ mu, nítorí òǹgbẹ a máa farahàn bí ebi. Lẹ́yìn náà, ẹ̀wà sísè tàbí mọ́ínmọ́ín, tàbí ẹ̀kọ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja. Àwọn wọ̀nyí ń pẹ́ nínú ju ṣúgà lọ. Kí ó kíyè sí epo: ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun kan tó 120 kálórì, nítorí náà àkàrà tí ó mu epo yó kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́ínmọ́ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ ará ilé tún wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, “o mà rù o” kì í ṣe ìyìn, àánú ni. Bí ìyá bá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ òun ń wọlé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí bu kún oúnjẹ rẹ̀. Ìfẹ́ ni, kò yẹ kí a bá a jà. Kí ọmọ náà ní “ara mi fúyẹ́, Ìyá mi” kí ìyá tó ní ó rù.

Ebi kan wà, ẹ̀wẹ̀, tí a kò gbọdọ̀ fi omi tàn. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tí ó ń lo irú oògùn tí ó lè fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ jù, bí ebi òjijì bá mú un, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kí ó dúró, kí ó jókòó, kí ó jẹ ṣúgà gíráàmù 15 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí kò lọ, kí ó tún jẹ ẹ́. Bí ara bá ti balẹ̀, kí ó wá oúnjẹ gidi. Kí oníṣègùn rẹ̀ ti mọ̀ pé ó ń rìn, bóyá yóò dín oògùn kù. Ṣúgà náà sì gbọdọ̀ ti wà lápò rẹ̀ kí ó tó kúrò ní Ìkìrun. Kí ó má ní ó di Ìnísà kí òun tó rà á.