Bí Ọmọ Yín Bá Fẹ́ràn Àwòrán, Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Fi Ìṣirò Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò, Sabon Gari, Kánò

 

Ẹ óò rántí pé ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ di àríyànjiyàn láàárín wa. Ọmọ ẹgbẹ́ kan bẹ̀ wá pé kí a ran ọmọ òun lọ́wọ́ láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Nígbà tí a gbọ́ pé iṣẹ́ àwòrán àti fídíò inú kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà fẹ́ dojú kọ, àwọn kan wí pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó eré. Alága ní kí n lọ wádìí, kí n sì wá jábọ̀. Àbọ̀ mi nìyí.

Kí ni iṣẹ́ náà? Multimedia ni Òyìnbó ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé kí a da ọ̀rọ̀ kíkọ, àwòrán, ohùn àti fídíò pọ̀ sí ojú kan, kí ó lè yé ẹni tí ó ń wò ó. Bí ẹ bá ṣí fóònù yín láti fi owó ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Ìbàdàn, ẹnì kan ni ó ti jókòó ro ibi tí ẹ óò tẹ̀, àwọ̀ tí yóò ní, àti bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ti tóbi tó kí ojú àgbà lè kà á. Bí ó bá ṣe é dáadáa, owó yín dé ibi tí ó ń lọ. Bí kò bá ṣe é dáadáa, owó lè wọ àpò ẹlòmíràn. Ǹjẹ́ eré ni èyí?

Ìbéèrè kejì ni pé, kí ló dé tí a fi ń kọ́ ọ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ọlọ́jà. Àwòrán kan tí ó kún ojú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ẹyọ kíkíní 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Àwòrán kan ṣoṣo nìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù 6 lọ. Fíìmù a sì máa fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ní kí a fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bí ó ti wà, dátà gígábáìtì 1 tí ẹ fi owó rà yóò tán kí ẹ tó ka ení dé ẹ̀jọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń wo fíìmù tán lórí fóònù, nítorí pé àwọn onímọ̀ ìṣirò wá ọgbọ́n sí i: ibi tí ó bá yí padà nínú àwòrán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọn kì í tún gbogbo rẹ̀ rán. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ ọnà àti oníṣirò fi gbọ́dọ̀ jókòó ní kíláàsì kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni èyí ní ilẹ̀ Òkè Ọya. Ọ̀gbẹ́ni Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1934, Zaria ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ó sì ṣe olórí ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọnà àti Ìtẹ̀wé ní Yaba College of Technology fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Ọnà àti ẹ̀rọ ti ń bá ara wọn gbé tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ni ṣe pàtàkì. Bí telọ̀ kò ti lè fi ìwé kíkà nìkan kọ́ aṣọ gígé, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. Ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ó gbé e kalẹ̀ níwájú olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sọ àbùkù rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe. Bákan náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní irinṣẹ́ kan ṣoṣo ń fi ọmọ ṣòfò. Irinṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Flash, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe àwòrán tí ń rìn. Adobe tí ó ni ín pa á tì ní ìparí ọdún 2020. Ẹni tí ó mọ Flash nìkan pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀; ẹni tí ó mọ ìdí àwọ̀, ìṣípòpadà àti ètò kọ̀ǹpútà gbé irinṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀ràn tiwa náà wà níbẹ̀. Nínú Unicode, tí í ṣe ètò nọ́ńbà lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà àgbáyé ń lò, àwọn lẹ́tà Haúsá bíi ɓ, ɗ àti ƙ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ́ tiwa kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan: ẹ ní tirẹ̀, àmì orí rẹ̀ ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò kó wọn jọ. Bí ẹni tí ó ya lẹ́tà kò bá ro tiwa mọ́ ọn, àmì a yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mìíràn a kúkú yọ àmì kúrò, ẹni tí ń ta ọkọ̀ a sì di ẹni tí ń ta ọkọ! Ta ni yóò tún èyí ṣe, bí kò ṣe ọmọ wa tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó gbọ́ Haúsá, tí ó sì mọ kọ̀ǹpútà?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, JAMB fẹ́ kí ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti ọ̀kan sí i. Ọmọ tí ó fẹ́ràn àwòrán, tí a wá tì sí kíláàsì tí kò ti ní ka Físíìsì, ilẹ̀kùn ti sé mọ́ ọn kí ó tó kan án.

Èkejì, láti inú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde ní ọdún 2022, ìjọba ni ó la ìdá 70 nínú 100 sílẹ̀. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìdá 30 kún un. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi sínú ìdá 30 náà kí ẹ tó san owó.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ìpínlẹ̀ a máa gba owó púpọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò kà sí ọmọ ìpínlẹ̀. Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ wo ti ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú. Owó àyálò akẹ́kọ̀ọ́ tí NELFUND bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024 kò ní èlé.

Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ ran ọmọ náà lọ́wọ́, lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò rẹ̀ bá dára. Kí òun náà sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìsinmi bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Ọwọ́ yín ni ìpinnu wà. Kí Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jù wá lọ, kí ó sì fi wá sílẹ̀ láti jèrè wọn. Àmín.