Bí A Ti Í Kápá Ewéko Tí Ó Ń Yára Hù Nínú Omi Ẹja

Ọ̀rọ̀ òní kan ẹnikẹ́ni tí ó gbẹ́ ọ̀gọdọ̀ láti fi sin ẹja, ó kan ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń sin ẹja wẹ́wẹ́ nínú àpótí gíláàsì, ó sì kan gbogbo ẹni tí ń fi odò pawó.

Ewéko inú omi kì í ṣe ọ̀tá ẹja. Nígbà tí oòrùn bá ń ràn, ewéko a máa tú afẹ́fẹ́ tí ń gbé ẹ̀mí ró sínú omi. A máa fi ìdọ̀tí ẹja ṣe oúnjẹ, omi a sì mọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí kí àwọn ńlá má baà gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ewéko kò tún tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ mọ́. Òun náà ń mí, afẹ́fẹ́ kan náà ni òun àti ẹja sì jọ ń pín. Bí ewéko bá pọ̀ jù, kí ilẹ̀ tó mọ́, afẹ́fẹ́ inú omi yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́ja fi lè jí ní ìdájí kí ó bá ẹja rẹ̀ lójú omi, tí wọ́n ń la ẹnu sókè, kí òmíràn sì ti kú. Ẹlòmíràn a sọ pé ọ̀tá ni ó da májèlé sí omi òun, aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ a sì di ẹni ìfura. Kí ó tó bá ẹnikẹ́ni jà, kí ó kọ́kọ́ wo ewéko inú omi rẹ̀.

Ti ewéko tí ń léfòó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúoró àti òṣíbàtà kì í ṣe àlejò fún wa. Àwọn àgbà a máa dárúkọ wọn nínú àdúrà nítorí pé òkè omi ni wọ́n ń wà. Ṣùgbọ́n bí irú ewéko bẹ́ẹ̀ bá bo omi pátápátá, oòrùn kò ní lè wọlé, atẹ́gùn kò sì ní kan omi. Irú ẹ̀fọn kan wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń so mọ́ gbòǹgbò ojúoró láti máa mí. Ìgbín omi tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, a sì máa fẹ́ràn ibi tí ewéko bá ti kún.

Kí ni ó ń mú kí ewéko yìí yára tó bẹ́ẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni, àti oúnjẹ, àti ìjáfara ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó wo àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja. Bí a bá gbé e sí ẹnu fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí a sì ń da oúnjẹ sí i ju èyí tí ẹja lè jẹ tán lọ, kò ní pẹ́ tí ewéko yóò fi kún inú rẹ̀. Yóò gùn dé òkè, yóò tẹ́ bo ojú omi, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò sì pọ́n, yóò rà, nítorí kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sún àpótí náà kúrò lójú oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń rí lójúmọ́ kò ju nǹkan bí wákàtí 8 lọ, tí a dín oúnjẹ kù, tí a ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ewéko yóò rọra. A ó sì máa gé e. Síbẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ewéko tí a gé lórí a máa yọ ẹ̀ka méjì. Nítorí náà, kì í ṣe orí nìkan ni a ń gé. A ó máa fa àwọn tí ó ti gbó tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Ohun tí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú àpótí kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ọ̀gọdọ̀.

Èkíní, kí etí ọ̀gọdọ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán. Etí omi tí kò jìn ni koríko ti ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ó fi ń ta gbòǹgbò.

Èkejì, kí a má ṣe da ajílẹ̀ tàbí oúnjẹ sí omi ní ìdàkúdà. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ, ewéko ni yóò jẹ ẹ́. Bí àgbàrá bá ń ti oko tàbí ọgbà ẹran wọ inú omi náà, kí a la ojú ọ̀nà mìíràn fún un.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ọwọ́ tàbí ìkó koríko kó ewéko náà nígbà tí ó ṣì kéré, kí a sì ṣa gbogbo èyí tí ó bá já, nítorí èyí tí ó já lè hù.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá ti bo omi tán, kí a má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má sì da oògùn apako sí i. Ewéko tí ó kú sínú omi yóò rà, rírà náà yóò sì gba afẹ́fẹ́ tí ó kù fún ẹja. Kí a kó ìdá kan nínú mẹ́ta lónìí, kí a fún omi ní ọjọ́ díẹ̀, kí a tó kó òmíràn.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù lọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ewéko tí ó kó sínú odò. Ìtàn ewéko kan, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní water hyacinth, yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Nítorí òdòdó àlùkò rẹ̀ tí ó lẹ́wà, àwọn ènìyàn gbé e kiri ayé láti fi ṣe omi inú ọgbà wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí ó pọ̀ jù fún wọn, àwọn kan dà á nù sínú odò. Kí ọdún 1900 tó pé, ó ti dí odò St Johns ní Florida mọ́ àwọn ọkọ̀. Ní 1899, òfin Amẹ́ríkà fi iṣẹ́ kíkó o kúrò lé àwọn ẹnjiníà ológun lọ́wọ́.

Ewéko yìí kan náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1984, ó gba ojú omi Àjàṣẹ́ wọ Àgbádárìgì. Láti ibẹ̀ ó tàn dé ọ̀sà Èkó, ó dé Ẹ̀pẹ́, ó sì dé ilẹ̀ àwọn Ìlàjẹ. Apẹja ju àwọ̀n, ewéko ni ó fà sókè. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ há sínú rẹ̀. Ọ̀nà omi tí àwọn ìyá ń gbà lọ sí ọjà dí pa.

Níbi tí ara bá ti dẹ̀ ẹ́, ewéko yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Ẹyọ 1 yóò di 2, 2 yóò di 4. Kí oṣù 5 tó pé, ẹyọ 1 náà ti lè ju 1,000 lọ. Ẹni tí ó bá rí i pé ìdajì omi òun ṣì ṣófo, kí ó má ṣe rò pé àyè ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ 2 péré ni ó kù.

Àwọn onímọ̀ kò káwọ́ gbera. Ní 1991, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò kékeré kan, tí ó jọ èyí tí ń jẹ àgbàdo nínú àká, sórí ewéko yìí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó sì dín in kù níbẹ̀. Iyọ̀ òkun tí ń wọ inú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà a máa pa á. Ṣùgbọ́n bí òjò bá tún dé, ewéko a tún padà. Ohun tí ọwọ́ kan lè kó nínú ọ̀gọdọ̀, ìjọba odindi kò lè kó o tán bí ó bá ti bọ́ sínú odò.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù dá ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ewéko inú omi rẹ̀. Èyí tí ó bá kó, kí ó sá a sóòrùn níbi tí ó jìnnà sí omi. Bí ó bá gbẹ, kí ó kó o jọ kí ó rà, yóò di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni ẹja yóò fi rí afẹ́fẹ́ mí, tí oko yóò rí ajílẹ̀, tí ọ̀nà odò yóò sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wa.