Tibi Tire Ìlú Kékeré: Àpẹẹrẹ láti Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí á sọ̀rọ̀ tí yóò ṣe àwọn ọ̀dọ́ wa ní àǹfààní. Lẹ́yìn tí a rò ó síwá sẹ́yìn, a yàn láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà ní apá Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdí méjì ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní, nígbà tí ọmọ wa bá wí pé òun ń lọ sí Amẹ́ríkà, ilé gogoro New York ni ó ń wò nínú ọkàn rẹ̀. Kò mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á, tàbí ọsibítù tí yóò fún un níṣẹ́, lè wà ní ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ kò pọ̀ tó èrò ọjà wa. Èkejì, ìlú kékeré ni tiwa pẹ̀lú, ohun tí ó ń bá ìlú kékeré jà lọ́hùn-ún kò sì ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ jẹ́ kí á dé oko ẹlòmíràn lónìí.

Ìpínlẹ̀ 12 ni ìjọba Amẹ́ríkà kà mọ́ apá yìí: Ohio, Indiana, Illinois, Michigan, Wisconsin, Minnesota, Iowa, Missouri, North Dakota, South Dakota, Nebraska àti Kansas. Ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àgbàdo, ẹ̀wà sóyà, àlìkámà, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn ẹ̀yà bíi Dakota àti Ojibwe ni wọ́n ti ń gbé níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ní 1862, ìjọba ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, tí ó gbé orí ilẹ̀ tí ó sì dáko síbẹ̀ fún ọdún 5, yóò gba éékà 160. Ọkọ̀ ojú irin tẹ̀ lé wọn. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró, wọn a kọ́ àká ńlá fún ọkà, ilé ìtajà, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti báǹkì. Báyìí ni púpọ̀ nínú àwọn ìlú náà ṣe di ìlú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí oko àti ọkọ̀ ojú irin tí ó bí wọn ni yóò sọ ìdí tí wọ́n fi ń rọ fún wa nígbà tí ó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí á mú adùn ibẹ̀ sọ ná. Adùn àkọ́kọ́ ni pé ènìyàn kì í sọnù sáàárín èrò. Olùkọ́ mọ òbí, olùtajà mọ oníbàárà, ẹni tí ó bá ṣàìsàn yóò rí ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá. Bí wọ́n bá ń ṣe àpèjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, olúkúlùkù ìdílé a gbé àwo oúnjẹ tirẹ̀ wá, gbogbo wọn a sì jọ jẹ ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú bẹ́ẹ̀, àwọn panápaná kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Àgbẹ̀, olùkọ́ àti alátùn-únṣe ọkọ̀ ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Bí aago bá dún, wọn a fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn a sì sáré lọ pa iná ilé aládùúgbò. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni èyí jẹ́ lójú tiwa, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Adùn kejì ni pé ọmọ kékeré rí àyè láti jẹ́ ènìyàn pàtàkì. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú ńlá, ọmọ díẹ̀ ni yóò rí àyè gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ìlú kékeré, ọmọ kan náà ni yóò gbá bọ́ọ̀lù, tí yóò fun fèrè, tí yóò sì ṣe eré orí ìtàgé. Ní 1954, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Milan ní Indiana, tí akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ jẹ́ 161 péré, gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Muncie Central, ilé ẹ̀kọ́ tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ni wọ́n fi àmì 32 sí 30 borí. Títí di òní, wọ́n ń fi ìtàn náà gba ọmọ níyànjú ní gbogbo Indiana.

Adùn kẹta ni ilé ìkàwé. Láti òpin ọ̀rúndún 19, Ọ̀gbẹ́ni Andrew Carnegie, ẹni tí irin rírọ sọ di ọlọ́rọ̀, san owó kíkọ́ ilé ìkàwé tí ó ju 1,600 lọ ní Amẹ́ríkà. Indiana ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà ní ìlú kéékèèké. Ṣùgbọ́n kò dédé dá owó náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìlú ni yóò pèsè ilẹ̀, ìlú ni yóò sì ṣe ìlérí láti máa ná ìdá mẹ́wàá owó náà lọ́dọọdún láti inú owó ìlú. Bí ilé bá jẹ́ $10,000, ìlú yóò máa san $1,000 lọ́dún fún ìwé, fún olùtọ́jú àti fún àtúnṣe. Ìlú tí kò bá lè ṣe ìlérí yìí kì yóò rí owó gbà. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí; a ó padà sórí rẹ̀.

A lè fi kún un pé owó ilé kò wọ́n níbẹ̀ bíi ti ìlú ńlá, afẹ́fẹ́ mọ́, ọ̀nà kì í dí, ọmọdé sì lè gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n tibi tire ni a dá ilé ayé, kò sì tọ́ kí á fi ìdajì òtítọ́ rán ọmọ lọ sí àjò.

Ìnira àkọ́kọ́ ti inú adùn àkọ́kọ́ wá. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́, gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí ju Ọ̀gbẹ́ni Sinclair Lewis lọ, ọmọ dókítà kan, tí a bí ní ìlú Sauk Centre ní Minnesota ní 1885. Ní 1920 ó kọ ìwé ìtàn kan tí ó pè ní Main Street. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Carol fẹ́ dókítà, ó bá a lọ sí ìlú kékeré kan, ó sì fẹ́ tún ìlú náà ṣe. Wọ́n ń ṣọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ àlejò rẹ̀, wọ́n sì ń fi èrò tuntun rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sá lọ sí Washington, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó padà. Àwọn ará Sauk Centre rí ara wọn nínú ìwé náà, ọ̀pọ̀ sì bínú. Ní 1930, Lewis di ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ. Nígbà tí ó kú ní 1951, ìlú tí ó bú yìí ni wọ́n gbé eérú ara rẹ̀ padà sí. Ìlú náà ti fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà kan. A rí i nínú èyí pé ọmọ tí ó bá ìlú wí lè jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìlú tí ó bá lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde yóò padà wá fi orúkọ rẹ̀ yangàn.

Ìnira kejì kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 20, ọ̀pọ̀ ìlú ní Illinois, Indiana àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ni kò gbà kí ènìyàn dúdú sun ibẹ̀ mọ́jú. Àwọn kan tilẹ̀ gbé pátákó ìkìlọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìlú. Òfin 1968 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ilé du ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan sì ti yí padà. Síbẹ̀, ọmọ wa tí ó bá lọ síbẹ̀ lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ní kíláàsì tàbí níbi iṣẹ́. Ó yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó lọ, kí ó má baà jẹ́ ibẹ̀ ni yóò ti bá a lójijì.

Ìnira kẹta ni òtútù àti ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 1996, òtútù ní ìlú Tower ní Minnesota dé ìwọ̀n 51 nísàlẹ̀ òdo ní ti Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Irú èyí kì í ṣe ti ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n yìnyín a máa bo ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ọkọ̀ akérò kò wọ́pọ̀ rárá. Ẹni tí kò ní mọ́tò dà bí ẹni tí a so mẹ́sẹ̀. Níti ìwòsàn, òfin 1997 ran àwọn ọsibítù kékeré tí ibùsùn wọn kò ju 25 lọ lọ́wọ́ kí wọ́n má baà kú tán. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ti iyàrá ìgbẹ̀bí, aboyún a sì máa rin ìrìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bímọ. Dókítà kò fẹ́ gbé ibẹ̀. Nítorí náà ni òfin kan ní 1994 ṣe fi àyè sílẹ̀ fún dókítà tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́ iṣẹ́, pé bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 níbi tí dókítà kò ti tó, kò ní di dandan kí ó kọ́kọ́ padà sílé fún ọdún 2. Ọ̀nà yìí ni àwọn dókítà láti òkèèrè, ti ilẹ̀ wa pẹ̀lú, fi ń dé irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i: àìsí dókítà tiwọn ni wọ́n ń fi ọmọ ẹlòmíràn dí, ihò mìíràn sì ń ṣí sílẹ̀ ní ilé tí ọmọ náà ti wá.

Ìnira kẹrin ni ó wúwo jù, òun ni àìsí iṣẹ́. Ẹ̀rọ oko ń tóbi sí i, oko ń tóbi sí i, àgbẹ̀ sì ń dín kù. Ní àwọn ọdún 1980, gbèsè gba oko lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìlú tí ó wà nítorí oko kò rí oníbàárà mọ́, ilé ìwé a parapọ̀ mọ́ ti ìlú kejì, àwọn ọ̀dọ́ a sì kó lọ. Nínú ìkànìyàn 2010, ẹni kan ṣoṣo, ìyá àgbà kan, ni ó kù ní Monowi ní Nebraska. Òun ni olórí ìlú, òun náà ni olùtọ́jú ilé ìkàwé. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, ìlú fi ara ti ilé iṣẹ́ kan. Láti 1893 ni ilé iṣẹ́ Maytag, tí ó lókìkí fún ẹ̀rọ ìfọṣọ, ti wà ní Newton ní Iowa. Ní 2006 ilé iṣẹ́ mìíràn rà á, ní 2007 wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí igi kan náà bá wó, níbo ni ẹyẹ yóò bà lé?

Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn ìlú kan parí àpẹẹrẹ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 2007, ìjì líle kan wó Greensburg ní Kansas palẹ̀. Ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà ni ó bàjẹ́, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn tí ó kù ṣe ìpàdé lábẹ́ àgọ́, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò tún un kọ́ lọ́nà tuntun, kí afẹ́fẹ́ tí ó wó o máa fún un ní iná mànàmáná. Wọ́n kọ́ ilé ìwé, ọsibítù àti ilé ìjọba tí ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ní ènìyàn 1,574 ní 2000 ní 777 péré ní 2010. Ilé dára, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn tí ó ti lọ kò padà. Ìgboyà wọn yẹ ní yíyìn. Síbẹ̀ ilé nìkan kì í pe ọmọ padà, bí kò bá sí iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é.

Kí ni a rí kọ́ nínú gbogbo èyí? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú kékeré bá gbà yín, ẹ má kọ̀ ọ́ nítorí orúkọ rẹ̀ kò dún. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó lọ: Báwo ni òtútù ibẹ̀ ti rí? Ta ni yóò gbé mi lọ sọ́jà? Àwọn wo ni ó ti ṣáájú mi débẹ̀? Ibi tí wọ́n bá ti gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ yọ̀ǹda ara yín fún iṣẹ́ ìlú wọn, nítorí ọ̀nà yìí ni àlejò fi ń di ará ilé.

Ẹ̀yin àgbà, a gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ pinnu ohun tí a ó fi owó ọdún yìí ṣe. Àwọn kan fẹ́ gbọ̀ngàn ńlá, àwọn mìíràn fẹ́ ilé ìkàwé àti ilé ìgbẹ̀bí. A kò kórìíra gbọ̀ngàn. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí á fi òṣùwọ̀n Carnegie wọn èyíkéyìí tí a bá yàn: ta ni yóò máa san ìdá mẹ́wàá lọ́dọọdún? Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, alángbá ni a ń kọ́lé fún. Kí á sì béèrè síwájú sí i pé: iṣẹ́ wo ni ilé yìí yóò fún ọmọ wa ṣe nílé? Lẹ́yìn èyí, kí á má ṣe fi ẹnu lé ọmọ tí ó bá ní èrò tuntun jáde. Bí ó bá bá wa wí, kí á jókòó gbọ́ ọ.

Àwọn ìlú tí a mẹ́nu bà kò kú nítorí pé wọ́n kéré. Èyí tí ó ń rọ, ń rọ nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò rí ohun ṣe níbẹ̀. Èyí tí ó dúró, dúró nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ń san owó, ń pa iná ara wọn, wọ́n sì ń fi àyè gba àlejò. A ní agbára láti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

 Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìlú wa máa gòkè, kí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní àjò sì fi ayọ̀ bọ̀ wá bá wa nílé. Àṣẹ.