Ọ̀nà Omi Lábẹ́ Ìlú



Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lónìí kì í ṣe èyí tí etí sábà máa ń gbọ́ láti ẹnu àlùfáà. Ọ̀rọ̀ omi ni, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí sì ni pẹ̀lú: ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀nà tí a ń gbẹ́ sábẹ́ ìlú kí omi mímu lè wọlé, kí omi ẹlẹ́gbin sì lè jáde. Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kí ó rántí pé Ìwé Mímọ́ kò tijú láti sọ ọ́. Nínú Ìwé Deuteronómì, orí 23, a pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísráẹ́lì pé kí olúkúlùkù wọn ní ohun tí yóò máa fi gbẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá jáde sẹ́yìn ibùdó láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó gbẹ́ kòtò, kí ó sì bo ohun tí ó ti ara rẹ̀ jáde mọ́lẹ̀. Ìdí tí a fi pa á láṣẹ ni pé Olúwa ń rìn láàrin ibùdó wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bo ìdọ̀tí rẹ̀, ọ̀wọ̀ Ọlọ́run ni ó ṣe, ọ̀wọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ni ó sì ṣe.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20. Ìwé náà sọ fún wa pé ọba Hesekáyà la ọ̀nà omi wọ inú ìlú Jerúsálẹ́mù. Ní nǹkan bí ọdún 701 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Sennakéríbù, ọba Asíríà, gbógun ti ilẹ̀ Júdà. Orísun omi Gíhónì sì wà lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí ọ̀tá lè gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ni àwọn ènìyàn bá gbẹ́ ihò nínú àpáta lábẹ́ ìlú. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti ìhà orísun, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlú, wọ́n sì ń bọ̀ wá pàdé ara wọn nínú òkùnkùn. Gígùn ihò náà tó mítà 533, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Síbẹ̀ ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ìyẹn tó kí omi máa ṣàn. Ní ọdún 1880, a rí àkọlé kan lára ògiri ihò náà tí ó ròyìn bí àwọn agbẹ́lẹ̀ ṣe ń gbọ́ ohùn ara wọn láti inú àpáta kí wọ́n tó pàdé. Adágún Sílóámù ni omi náà ń ṣàn sí, níbi tí Olúwa wa rán afọ́jú náà lọ láti wẹ ojú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìhìnrere Jòhánù mímọ́ ti wí ní orí 9. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà náà. Síbẹ̀, láti ọwọ́ wọn ni gbogbo ìlú ti mu omi.

Ẹ má ṣe rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni a ti mọ irú ọgbọ́n yìí. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa to àpáàdì sí ojú ilẹ̀ àgbàlá wọn, kí òjò má baà sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ìtàn so iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí a ní ó jẹ Ọọ̀ni láyé àtijọ́. Ní Bìní tí a wà yìí náà, àwọn ilé àtijọ́ ní àgbàlá láàrin tí òrùlé kò bò. Omi òjò láti orí òrùlé yóò rọ́ sínú kòtò tí a tẹ́ síbẹ̀, yóò sì gba ojú ihò lábẹ́ ògiri jáde. Ẹni tí ó bá dé ilé Olóyè Ogiamien, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí iná ọdún 1897 kò jó, yóò rí irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Yàrà ìlú ńkọ́, èyí tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní iya? Nígbà tí onímọ̀ ìwalẹ̀ Graham Connah wọ̀n ọ́n ní nǹkan bí ọdún 1960 sókè, ibì kan wà tí ó ju mítà 17 lọ láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Ogun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àgbàrá òjò náà ti fi í ṣe ọ̀nà.

Kí ni ó wá dé tí omi fi ń lé wa nínú ilé? Òjò Bìní pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ìlú náà sì tẹ́jú níbi púpọ̀. Láyé àtijọ́ ilẹ̀ pupa yìí máa ń mu omi. Lónìí páànù ni òrùlé, sìmẹ́ǹtì ni àgbàlá, ọ̀dà sì ni títì. Omi tí ilẹ̀ ìbá mu kò ríbi wọ̀. Àwọn mìíràn kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi gan-an. Àwọn mìíràn sọ yàrà àwọn ọba di ààtàn. Ní àkókò Gómìnà Adams Oshiomhole, láàrin ọdún 2008 sí 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Edo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá láti ri ọ̀nà àgbàrá oníkọnkéré mọ́lẹ̀ lábẹ́ àwọn títì ìlú. Iṣẹ́ tí ó yẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà omi tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ dàbí ọ̀nà ọ̀fun: bí ohun kan bá há sí i, gbogbo ara ni yóò mọ̀. Ike omi, ọ̀rá àti yanrìn tí ẹnì kan gbá sínú gọ́tà ní òkè àdúgbò, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ní ìsàlẹ̀ ni yóò ti jáde. Àwọn àgbà wa sì wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ìyẹn ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ ọdún 1980. Odò Ògùnpa, tí kò ju odò kékeré lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kún ré bèbè lẹ́yìn òjò ńlá. Ilé ti gba bèbè rẹ̀, ìdọ̀tí sì ti dí i lọ́nà. Ó wó ilé, ó sì gbé ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Omi náà kò béèrè ẹni tí ó da ilẹ̀ sí odò àti ẹni tí kò dà á.

Ti òjò nìyẹn. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ le jù ú lọ, nítorí pé ojú kì í rí i. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé nísinsìnyí, àrùn kọ́lẹ́rà pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní àdúgbò Soho ní ọdún 1854. Dókítà John Snow tọpa àwọn òkú náà láti ilé dé ilé, ó sì rí i pé ẹ̀rọ omi kan ni púpọ̀ nínú wọn ti ń mu. Ìgbẹ́ ti jò sínú kànga náà lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1858, òórùn odò Thames le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin kò lè fara dà á nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn. Ìgbà náà ni wọ́n tó fún Joseph Bazalgette lówó láti kọ́ ọ̀nà ìdọ̀tí ńlá oníbíríkì sábẹ́ ìlú. Ó fún un ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí ìdọ̀tí lè máa ṣàn fúnra rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, ẹ̀rọ ni ó ń fà á sókè. Ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí a kò tíì bí. Nígbà tí ìlú tún pọ̀ ju ọ̀nà náà lọ, wọ́n gbẹ́ òmíràn tí ó jẹ́ kìlómítà 25, tí ìbú rẹ̀ ju mítà 7 lọ. Ẹ̀rọ tí ó gbẹ́ ẹ ń jẹ ilẹ̀ lọ níwájú bí òkété, ó sì ń to òrùka kọnkéré sẹ́yìn ara rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà dì. Ọdún 2025 ni wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán.

Ní Bìní, kò sí irú ọ̀nà ìdọ̀tí àjùmọ̀ní bẹ́ẹ̀. Onílé kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbẹ́ kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan náà ni ó sì ń gbẹ́ kànga tàbí kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ rò ó wò, ará wa. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù fi sí ọwọ́ ìlú, ẹ̀rí-ọkàn onílé ni ó wà níhìn-ín. Bí kòtò rẹ bá sún mọ́ kànga aládùúgbò rẹ, ìwọ ni ó ń bu omi fún àwọn ọmọ rẹ̀, bí o tilẹ̀ wà lórí ibùsùn rẹ.

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé, “Bàbá, àlejò ni wá. Ìlú wa kọ́ nìyí. Bí ó bá yá, a ó lọ sílé.” A ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé ọmọ Yorùbá, a sì ń gbọ́ ọ nígbà tí a bá pe ènìyàn síbi ìmọ́tótó àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí wòlíì Jeremíà dá wa lóhùn. Nínú orí 29, ó kọ̀wé sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì, àwọn tí kì í ṣe ìfẹ́ ara wọn ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá ire ìlú náà, nítorí pé nínú ire rẹ̀ ni ire tiwọn wà. Bí a bá ní kí ìgbèkùn ṣe èyí, mélòó mélòó ni àwa tí Bìní gbà sílé, tí a ń ṣòwò ní ọjà rẹ̀, tí a sì ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wa níbẹ̀? Ẹni tí ó bá ń mu omi ìlú kan kì í ṣe àlejò omi náà mọ́.

Nítorí náà, ohun díẹ̀ ni a ń bẹ̀ yín fún. Ẹ má ṣe da ilẹ̀ sí gọ́tà, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ jẹ́ kí àyè láàrin kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga tó mítà 30 bí ilẹ̀ bá gbà, tiyín àti ti ará ilé kejì. Ẹ má ṣe kọ́lé dí ọ̀nà omi nítorí pé ẹni tí ó ta ilẹ̀ náà ní kò sí ewu. Ẹ se omi tí ẹ kò bá dá lójú kí àwọn ọmọ tó mu ún. Ẹ sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ń kó ìgbẹ́ wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ a máa fi agbépóò ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni náà ni kò jẹ́ kí àrùn pa wá. Ní ọdún 2015, Póòpù Fransis kọ ọ́ sí gbogbo Ìjọ pé ẹ̀tọ́ ènìyàn ni láti rí omi tí ó mọ́ mu. Ẹ̀tọ́ kan kò sì sí tí kì í ṣe iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Yorùbá ní ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí omi tí a ń dà síwájú àwọn ọmọ wa ní ìlú yìí jẹ́ èyí tí ó mọ́. Kí Olúwa tí ó rán afọ́jú lọ wẹ̀ ní Sílóámù la ojú wa sí ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kí ó bùkún ìlú Bìní, kí ó bùkún àwọn onílẹ̀ àti àwa tí a bá wọn gbé, nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.