Kọ̀ǹpútà Tí A Kò Lò Mọ́: Kí Á Tó Pe Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó ń tẹ̀wé tó sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Bọ́ládé, bá ìpàdé gbogbogbò sọ. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe tẹ̀ ẹ́.)

  

Wọ́n ní kí n má pẹ́, torí ẹni tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kékeré, ọkàn ẹ̀ ò sí níbí. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń jẹ eruku nílé wa àti lẹ́yìn ìsọ̀ wa. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan dá a lábàá pé kí á kó wọn jọ fún àwọn akàndá. Àwọn kan ní rárá, oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni kí á pè, kí á fi owó ẹ̀ sápò ẹgbẹ́. N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n àwa oníṣòwò la jẹ́, a kì í ta ọjà tí a ò mọ iye tó jẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú Òṣòdì wa níbí ni ilé ìkọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú wà, ti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Federal Nigeria Society for the Blind? Láti àwọn ọdún 1950 ló ti wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò bèèrè rí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń jókòó gba sàráà o. Ẹni tí ojú ẹ̀ lọ lẹ́yìn tó ti dàgbà, tó ti níṣẹ́, tó ti bímọ, ó ń lọ síbẹ̀ láti tún ayé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn, bí wọ́n ṣe ń fi ìka ka ìwé Braille, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, àti iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ará ibòmíì ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ojú àwọn èèyàn wò káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, nínú 100 èèyàn tó ti pé 40 ọdún, wọ́n rí bíi 4 tó jẹ́ afọ́jú. Ẹ wo ara yín nínú gbọ̀ngàn yìí. Mélòó nínú wa ni kò tíì pé 40? Ohun tó ń fọ́ ojú jù ni cataract, nǹkan tó ń bo ẹyinjú bí ìkùukùu, tí iṣẹ́ abẹ sì lè mú kúrò. Èyí tó tẹ̀ lé e ni glaucoma, tó ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀, tí ohun tó bá ti gbé kì í padà mọ́. Ẹ lọ yẹ ojú yín wò o. Kì í ṣe ohun tí mo wá sọ nìyẹn, àmọ́ mo ti sọ ọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n máa ń bi mí pé, "Afọ́jú kẹ̀? Kí ló fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe?" Ètò kan ló wà tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ, tó máa ń ka ohun tó bá wà lójú ẹ̀ sókè. Ó tẹ lẹ́tà, á pè é sí i létí. Ó ṣí lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí i, á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó lórúkọ jù láyé àtijọ́ ni JAWS. Ted Henter, ọmọ Amẹ́ríkà tí jàǹbá mọ́tò gba ojú ẹ̀ ní 1978, ló wà nídìí ẹ̀, ó sì jáde ní 1989. Ó dáa, ṣùgbọ́n owó gidi ni wọ́n ń tà á. Ní 2006 ni ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan ní Australia, Michael Curran, bẹ̀rẹ̀ òmíràn tó ń jẹ́ NVDA. James Teh, afọ́jú bíi tiẹ̀, bá a dá sí i. Wọ́n ní kò yẹ kí ẹni tí kò ríran tún máa san owó gegere kó tó lè ka ohun tí ẹlòmíì ń kà lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́bọ̀ kan wọn ò gbà lórí ẹ̀ títí dòní. Ohùn ẹ̀ dà bí ti òyìnbó tí òtútù mú, bó bá sì fẹ́ pe Fúnmiláyọ̀, ẹ̀rín á pa yín. Àwọn tó ń lò ó ò bìkítà. Eré ni wọ́n máa ń mú kó máa sá, débi pé àwa tí a ríran ò ní gbọ́ ohun tó ń wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti wọlé nìyí. Laptop tí ọmọ yín jókòó lé tí gíláàsì ẹ̀ là, owó ọbẹ̀ lásán loníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù máa fún yín lórí ẹ̀. Lọ́dọ̀ afọ́jú, gíláàsì tó là ò ní kó má ṣiṣẹ́. Etí ló fi ń ríran. Sípíkà àti ojú ihò íàpíìsì ló ṣe kókó, àti kíbọ́ọ̀dù tó pé. Ẹ fọwọ́ kan lẹ́tà F àti J lórí kíbọ́ọ̀dù yín nígbà tẹ́ ẹ bá délé, ẹ máa rí i pé nǹkan kékeré kan yọ lára wọn. Òun ni ìka fi ń mọ̀nà láìwò. Bó bá ti parẹ́, ẹ sọ fún mi, mo lè lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Afọ́jú nìkan kọ́ o. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kan ò ṣiṣẹ́ náà lè tẹ̀wé: ẹ tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ẹ̀rọ á bi yín bóyá ẹ fẹ́ máa tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan dípò méjì pọ̀. Inú Windows ló ti wà tẹ́lẹ̀. Odi pẹ̀lú, tó bá ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tí oníbàárà ń kà á, ọjà ń lọ.

Ìyá kan sọ pé fóònù ti tó, pé fóònù náà ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi fóònù kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ olójú ewé mẹ́ta? Ta ló ń fi ṣe àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì? JAMB dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 2017, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ṣe alága ẹ̀, kí àwọn ọmọ tí kò ríran lè ṣèdánwò wọn lọ́nà tó bá wọn mu. Ọmọ tó bá gba ibẹ̀ wọ yunifásítì, kíbọ́ọ̀dù ló máa bá pàdé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Aṣa, rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 2007, Cobhams Asuquo ló ṣe é. Cobhams ò ríran látìgbà tí wọ́n ti bí i, iléèwé Pacelli ní Súrùlérè ló lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Ilé iṣẹ́ kan, n ò ní dárúkọ wọn, kó kọ̀ǹpútà 12 fún iléèwé kan. Wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá wò ó, 9 ò tàn rárá. Iléèwé ò lè lò wọ́n, ojú sì ń tì wọ́n láti kó wọn dànù. Ẹrù ara wọn ni ilé iṣẹ́ yẹn gbé kúrò lọ́rùn. Irú ẹ̀ ni òyìnbó ń ṣe fún wa. Ní 2005, àwọn Basel Action Network wá sí Èkó, wọ́n kọ ọ́ síwèé pé bíi kọ́ńténà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù, àwọn tó ń tà á fúnra wọn sì ní, nínú 100, ó lè tó 75 tí kò ní àtúnṣe. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pe púpọ̀ nínú ẹ̀. Ibi tó parí sí ni ààtàn, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń sun wáyà, tí gbogbo àdúgbò ń fa èéfín ẹ̀ símú.

Torí náà, mo bẹ̀ yín, èyí tí kò tàn, tí a ò sì lè tún ṣe, ẹ má kó o fún akàndá kankan. Òun gan-an ni ti oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù.

Àwọn Basel yẹn tún ra háàdì dísìkì díẹ̀ l'Ékòó, wọ́n bá àṣírí oníṣẹ́ olóníṣẹ́ nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ẹ rántí àwòrán ìkómọ, nọ́ńbà BVN, orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó. Pé ẹ tẹ "delete" ò tíì kúrò níbẹ̀. Màá nù ún nù pátápátá lójú yín, ẹ̀yin náà á wò ó.

Ohun kan ṣì kù. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwa tí a kó wá sí Ìsọ̀pákódòwò lẹ́yìn tí wọ́n wó Owónifáàrí ní oṣù kìíní 2016, a mọ bó ṣe máa ń rí lára kí ẹlòmíì pinnu ohun tó dáa fún ni láì bi ni. Kí aṣojú wa méjì kọ́kọ́ lọ bi àwọn ará ibẹ̀: mélòó lẹ fẹ́? Ta ló máa lò ó? Iná ń kọ́? Bí ó bá jẹ́ bátìrì ni wọ́n ń wá, bátìrì ni kí á rà. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹ̀rọ mẹ́ta tó pé dáa ju mẹ́wàá olóríyọrí lọ.

Òfin náà ti wà. Èkó ti ṣe òfin àwọn akàndá ní 2011, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tiẹ̀ ní 2019, ẹni tó bá fi àbùkù ara yan èèyàn sọ́tọ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin ò ra kọ̀ǹpútà fún ẹnikẹ́ni ṣá.

Bó ṣe máa lọ rèé. Microsoft dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní oṣù kẹwàá 2025, ọ́fíìsì púpọ̀ ló ń pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ṣì dáa. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí ọ́fíìsì, ẹ bi wọ́n. Ẹni tó ní ẹ̀rọ, kó gbé e wá pẹ̀lú ṣájà ẹ̀, kó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Èmi máa yẹ̀ ẹ́ wò, màá kó NVDA sí i, n ò ní gba owó iṣẹ́. Owó pààtì nìkan ni ẹgbẹ́ máa san, akápò á rí rìsíìtì. Ọjọ́ Sátidé ni kẹ́ ẹ máa wá, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kẹ́ ẹ má wá láàárọ̀ o, àwọn ọmọ iléèwé tó ń tẹ iṣẹ́ wọn máa ń kún ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn.